Kókó Tí N Kò Ta sí Ìdí Okùn

Bàbá mi,

Ẹsẹ̀ Wes, ọ̀rẹ́ tuntun tí mo ròyìn fún yín, ti kán. Èmi ni mo fà á. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi gun àpáta mọ́ ní Chattanooga níbí. Gbogbo àwọn ará ilé ìdárayá tí a ti ń gun ògiri ló ti gbọ́. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí kò tíì gbọ́.

Àpáta ibí ga ju tiwa ní Minnesota lọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí mo ṣe fẹ́ máa fi okùn sọ Wes kalẹ̀, ó pariwo láti òkè pé, "Maren, ṣé okùn yẹn á tó?"

Mo ní, "Á tó, jàre. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe é."

N kò ta kókó tí kì í jẹ́ kí okùn yọ sí ìdí rẹ̀. Okùn tán kí Wes tó kanlẹ̀, ó yọ lọ́wọ́ mi, Wes sì já lulẹ̀.

Lindy tó ni ilé ìdárayá náà ní, "Ọ̀gá, ibí kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé bàbá ẹ."

Ara mi le o, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa. Mo ṣì ń lọ sí ilé ìdárayá náà. Ògiri kúkúrú tí kò gba okùn ni mò ń gùn, èmi nìkan. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ sọ fún wọn pé mò ń jẹun.

Fọ́tò mi wà lára ògiri níbi tí ẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọdé bí a ṣe ń ta kókó. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí àwọn ọmọ tuntun tó dé lọ́jọ́ Sátidé.

Maren