Má Pe Mọ́ṣúárì, Itẹ́ Ni Kí O Wá

Ìyá Ọpẹ́, bí o bá ti Oǹdó dé, má jókòó. Fóònù rẹ kò lọ láti àárọ̀. Màmá mi ti kú.

Orí ìrun àárọ̀ ni. Wọ́n jókòó kírun bí aláìsàn ṣe ń ṣe, wọ́n yíjú sọ́tùn-ún kí sálámà, wọn kò yíjú sósì mọ́. Mo ní, “Màmá, ẹ ti tún sùn níwájú Ọlọ́run.” Mo ń rẹ́rìn-ín títí mo fi fọwọ́ kàn wọ́n.

Má pe mọ́ṣúárì o. Mo mọ ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ ó kọ́kọ́ kun ilé kí ẹ tó sìnkú. Òkú tiwa kì í sùn nílẹ̀. Àwọn obìnrin ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì wọ́n. Mo bẹ Lèmọ́mù kí wọ́n dúró kí o fojú kan ìyá ọkọ rẹ. Ó ní, “Àdìgún, a kì í dá òkú dúró. Àlàásàrì ni òpin.”

Itẹ́ Mùsùlùmí ni kí o wá tààrà. Bí wọ́n bá ti bò wọ́n kí o tó dé, má bá ẹnikẹ́ni jà.

Omi wà nínú bútà wọn, má dà á nù. Èmi ni mo bu ú sí i fún ìrun ọ̀sán wọn, kí n tó rántí.