Eleuterio Cintrón Maldonado, Tí Ẹ̀jẹ̀ Ara Wọn Jẹ́rìí Gbè

Ìlú Arroyo, létí òkun ìhà gúúsù Puerto Rico, ni a ti bí olóògbé Eleuterio Cintrón Maldonado, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Teyo, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì ọdún 1956. Anselmo Cintrón, agérèké, ni bàbá wọn. Providencia Maldonado, tí òórùn kọfí rẹ̀ máa ń jí àwọn ará ilé kejì láàárọ̀, ni ìyá wọn.

Wọ́n kàwé dé kíláàsì kẹjọ, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ títún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ní 1979, wọ́n gbé Nereida níyàwó. Heriberto Laboy, tí wọ́n ń pè ní Berto, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré, ló ṣe bàbá ìsàmì àkọ́bí wọn. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá wa àti Migdalia, aya Heriberto, ti ń pe ara wọn ní compadre àti comadre, bí òbí ọmọ àti òbí ìsàmì rẹ̀ ṣe ń pe ara wọn nílẹ̀ wa, nítorí wọ́n ti di ẹbí. Ẹni tó bá rí Bàbá wa àti Heriberto nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ń jẹ ẹja díndín létíkun, tí wọ́n ń jiyàn bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ń ṣú, yóò rò pé ìyá kan ló bí wọn.

A kò ní bò ó: ní 1984, oògùn olóró heroín wọ ìlú, ó sì wọ ilé wa. Nínú àlàpà kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ṣúgà ni Bàbá wa, Heriberto àti ẹgbẹ́ wọn ti ń gún un sára. Abẹ́rẹ́ kan ni gbogbo wọn ń lò. Wọn a fi omi inú ife kan ṣan án, wọn a ní ó ti mọ́. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó ni abẹ́rẹ́ ló ń kọ́kọ́ gún. Bàbá wa ló ni abẹ́rẹ́.

Ní 1993, Bàbá wa fi oògùn náà sílẹ̀, wọ́n di ọmọ ìjọ. Àmọ́ àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C ti wọ àárín ẹgbẹ́ náà. Ojú wọn pọ́n, ikùn wọn wú, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Heriberto lọ ní 2001. Ara Bàbá wa le koko. Migdalia dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

“Teyo, ara rẹ mà ń dán o! Ìwọ fi èyí tó mọ́ gúnra, o wá na ìdọ̀tí sí ọkọ mi.”

“Comadre, mo fi Ọlọ́run búra…”

“Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́! Apani kì í ṣe ẹbí mi.”

Láti ọjọ́ náà, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni Bàbá wa ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní 2012, àwọn olùwádìí wá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti gún oògùn rí, kí wọ́n lè mọ ìdí tí àrùn náà fi ń pa ẹnì kan tó ń dá ẹlòmíì sí. Nígbà tí èsì dé, Bàbá wa bẹ Migdalia títí ó fi bá wọn lọ gbọ́ ọ.

“Àrùn náà wọ ara Don Teyo dáadáa,” ni Dókítà Aixa Bonilla, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà, wí. “Ipasẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ara wọn ló lé e jáde. Àbùdá kan tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ òbí ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní in.”

“Ìdọ̀tí kan náà ni òun àti ọkọ mi jọ gún?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Don Teyo náà gún ìdọ̀tí bíi ti ọkọ yín.”

Migdalia yíjú sí Bàbá wa. “Olórí kunkun,” ló wí. “Àìsàn pàápàá ò rí ẹ gbé ṣe. Dìde, compadre, ìrẹsì wà nílé.”

Bàbá wa kò lè dìde. Ẹkún ni wọ́n ń sun. “Gbogbo nǹkan ni èmi àti Berto jọ pín. Èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi yìí nìkan ni kò ṣeé pín.”

Lẹ́yìn náà, Bàbá wa àti Migdalia jọ ń pín abẹ́rẹ́ tuntun fún àwọn ọ̀dọ́ tí oògùn mú, títí ọkàn Bàbá wa fi dáṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù tó kọjá.

Wọ́n fi Nereida aya wọn sílẹ̀ sáyé lọ, àti àwọn ọmọ wọn, Anselmo àti Lourdes, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti Migdalia Laboy, tó sọ fún wa pé a kò gbọdọ̀ tẹ ìwé yìí láìsí orúkọ òun láàárín ẹbí.

Bàbá wa, ẹ sùn un re. Kí ilẹ̀ Arroyo tù yín lára.