N Kì Í Gbọ́ Ìkíni Ìyàwó Ọmọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́ láti Òkè-Ìlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ìyàwó ọmọ mi máa ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, n kì í dáhùn. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, n kì í gbọ́. Tí ọkọ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé, mo máa gbọ́ ketekete. Ìyàwó wá ní mo kórìíra òun.

Ní ọsibítù, wọ́n de nǹkan mọ́ mi létí, wọ́n ní kí n máa nawọ́ tí mo bá gbọ́ ìró. Èmi tí n ò lọ sílé ìwé wá ń nawọ́. Èyí tó rinlẹ̀, mo gbọ́. Èyí tó tín-ín-rín, rárá. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wa pé ohùn tín-ín-rín ni etí àgbà kọ́kọ́ máa ń pàdánù. Ìyàwó ní, "Etí wo ló máa ń ṣa ẹni tó máa gbọ́?" Ọmọ tó ń bá mi kọ̀wé yìí ló tún un sọ fún mi.

Ó ti sú mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni n ó ṣe ṣe é tí ìyàwó yìí fi máa gbà mí gbọ́? Òun náà ń gbọ́ ètò yín.