Ìwé Kóòtù Lára Ilẹ̀kùn Ilé Ọkọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ sáà ní obìnrin kan ní Ẹdẹ ni.

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ọkọ mi ti wà ní Líbíà. Tí mo bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí wasáàpù, á kà á, kò ní fèsì. Kò tiẹ̀ dùn mí mọ́, ó kàn sú mi ni.

Mo ní kí kóòtù ìbílẹ̀ tú wa ká. Wọ́n ní nígbà tí wọn ò rí i, ara ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ làwọn máa lẹ ìwé ìpẹ̀jọ́ mọ́. Ilé yẹn náà ni mò ń gbé. Nígbà tí òṣìṣẹ́ kóòtù kanlẹ̀kùn, èmi ni mo ṣí i fún un.

Mò ń wẹ̀ fún ìyá ọkọ mi lọ́wọ́ ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá wọn dùbúlẹ̀. Wọ́n bi mí pé ta ló wá, mo sọ fún wọn. Mo ṣan ọṣẹ kúrò lára wọn. Wọ́n wá ní, "Ìyàwó mi, o ò jẹ̀bi. Ìgbà wo lo fẹ́ kó ẹrù rẹ?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ọkọ ni mo fẹ́ kọ̀, kì í ṣe ìyá rẹ̀. Tí wọ́n bá tú wa ká tán, kí ni kí n máa pe ara mi nínú ilé yẹn, tí mo bá ń gbé omi ìwẹ̀ wọn wọlé?