Kámẹ́rà Tó Ń Ka Mẹ́wàá

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé àwọn ọmọ ń yọjú sí ọ? Ojú rẹ tó ń ṣomi ńkọ́, ṣé ó ti gbẹ díẹ̀? Òrùlé tó ń jò sórí ibùsùn rẹ, ṣé wọ́n ti bá ọ kàn án, àbí abọ́ lo ṣì ń gbé sí i? Adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ kan ńkọ́? Bí o bá ti pa á jẹ, má wulẹ̀ sọ fún mi.

Èmi náà wà. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Nọ́ọ̀sì tó yá yàrá iwájú lọ́wọ́ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi adùn kankan sí i.

O ní kí n sọ fún ọ bóyá kámẹ́rà kékeré tí wọ́n rà fún mi dára, nítorí o fẹ́ ra irú rẹ̀. Ó dára. Kò wọ́n. Kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, ó sì wọ àpò ẹ̀wù mi. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á àti èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì jọra. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń pa á nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ ya èèyàn. Kò gba fíìmù. Káàdì pélébé kan tí kò ju èékánná àtàńpàkò lọ ló ń kó gbogbo fọ́tò sí. Igba fọ́tò ló ti wà nínú tèmi kí n tó mọ̀ pé mò ń tẹ̀ ẹ́ bí mo bá gbé e sápò. Àádọ́jọ nínú wọn, inú àpò ni.

Iná rẹ̀ máa ń kọ mànà. Gbogbo ẹni tí mo kọ́kọ́ yà ló dà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè. Ọ̀gá ilé búrẹ́dì wà lára wọn. Ó bẹ̀ mí pé kí n pa tòun rẹ́. N kò pa á rẹ́.

Ó wúlò fún iṣẹ́. Bí mo bá rán aṣọ tán, mo máa ń yà á kí ẹni tó ni ín tó gbé e lọ. Ìyàwó tíṣà kan gbé ẹ̀wù padà wá, ó ní apá kan gùn ju èkejì lọ. Mo fi fọ́tò hàn án, apá méjèèjì dọ́gba. Ó wò ó títí, ó ní, “Màmá, ẹ ti di ọlọ́pàá.” Mo ní kó lọ bi ẹni tó bá a fọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí aṣọ ni wọ́n ṣe rà á fún mi. Kí ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí fún ọ dúró ná, kí o jókòó dáadáa. Nígbà tí mo ránṣẹ́ sí ọ pé ibà ló dá mi dùbúlẹ̀, irọ́ ni mo pa. Mo ṣubú ni. Inú yàrá ìránṣọ ni mo ṣubú sí láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe dìde nídìí ẹ̀rọ pé kí n lọ ṣílẹ̀kùn. Orúnkún ọ̀tún ló yẹ̀ mọ́ mi lábẹ́. Ilẹ̀ ni mo wà títí nọ́ọ̀sì fi ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án. Mo rí gbogbo abẹ́rẹ́ tó ti bọ́ sọnù lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́ta. Mẹ́rìnlá ni.

Àkọ́bí mi, èyí tó ń wọn ilẹ̀, gbọ́. Ta ló sọ fún un? Ẹni tó ń kọ lẹ́tà yìí ni. Ó ní ká yọ ìyẹn kúrò. Mo ní kó kọ ọ́.

Ọmọ náà dé tòun ti téèpù lọ́wọ́. Kò tíì kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ̀rọ ìránṣọ mi, òòró àti ìbú, bí ẹni tó ń wọn òkú fún pósí. Mo bi í pé kí ló ń wọ̀n. Ó ní yàrá kan ṣófo nílé òun, òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà á gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kọjá. Ó ní, “Màámi, ẹ ti dàgbà kọjá ẹni tó ń dá gbé.” Mo ní, “Ta ló ń dá gbé? Ṣé nọ́ọ̀sì kì í ṣe èèyàn ni?” Ó ní òun ò lè gba ẹ̀rí nọ́ọ̀sì gbọ́, torí ẹ̀wù mẹ́ta ni mo ti rán fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni.

O mọ ilé rẹ̀. Ilé náà dára. Ìyàwó rẹ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà mi kankan níbẹ̀. Wọ́n á máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á máa bá mi pa iná yàrá, wọ́n á máa bi mí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ bóyá mo ti jẹun. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti ń jókòó nídìí ẹ̀rọ yìí nínú yàrá yìí. Ibẹ̀ ni mo ti rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ. Bí mo bá fi lè kúrò níbẹ̀, mo ti di àlejò nìyẹn títí wọ́n á fi gbé mi sin.

A jà. A sinmi. A tún jà. Nígbà tó yá, ó lọ ra kámẹ́rà náà wá. Ó ní oṣù kan lòun fún mi. Bí oṣù náà bá pé, òun fẹ́ rí fọ́tò kan tí èmi fúnra mi ya ara mi, láìsí ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́, nínú yàrá ìránṣọ, látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní ẹni tó bá lè ṣe ìyẹn lè dá gbé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé kò ní ṣeé ṣe. Mo mọ ojú ọmọ mi nígbà tó bá ń ṣírò.

Nọ́ọ̀sì wá kọ́ mi. Ọ̀nà méjì ni kámẹ́rà yìí ní tí èèyàn fi lè ya ara rẹ̀. Àkọ́kọ́, ó máa ń dúró títí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á fi rẹ́rìn-ín, ìgbà náà ni yóò yà á. Mo gbé e lé orí ẹ̀rọ, mo lọ jókòó sórí àga lọ́ọ̀ọ́kán. Mò ń wò ó, ó ń wò mí. Mo rẹ́rìn-ín. Kò gbà. Mo tún rẹ́rìn-ín. Bátìrì kú. Nọ́ọ̀sì ní eyín ló ń wá. Mo ní tèmi ò pọ̀ tó ohun tí ó lè rí láti ibẹ̀ yẹn.

Ọ̀nà kejì ni pé kí èèyàn tẹ̀ ẹ́, kí ó sì máa lọ. Iná pupa kékeré kan á máa ṣẹ́jú níwájú rẹ̀, á ka mẹ́wàá nínú, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ìdí ẹ̀rọ dé àga, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ni. Ọmọ mi ti wọ̀n ọ́n. Kí nọ́ọ̀sì tó ka mẹ́rin, ó ti jókòó. O lè ní kí n sún àga mọ́ kámẹ́rà. Nọ́ọ̀sì náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sún un mọ́ ọn, orúnkún mi nìkan ni kámẹ́rà ń rí, orúnkún yẹn gan-an ni mo sì ń fi pamọ́.

Fọ́tò àkọ́kọ́, àga nìkan. Ìkejì, àga àti òjìji mi. Ìkẹta, ẹ̀yìn mi. Láti ibẹ̀ títí dé ìkọkànlá, ẹ̀yìn mi náà ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń sáré nínú yàrá. Oníbàárà kan wọlé bá mi nígbà tí mo dé ìdajì ọ̀nà. Ó ní, “Màmá, kí lẹ ń lé?” Mo ní kó kúrò lọ́nà, mo ti ka méje.

Ìkejìlá, mo dé ibi àga ṣùgbọ́n n kò tíì yíjú padà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti di ọwọ́ àga mú, ìdí mi ni kámẹ́rà yà. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ká ní òun ni kámẹ́rà ń wò lọ́jọ́ tó ń wá ẹ̀rín, ì bá ti yà á nígbà ogún.

Gíláàsì tí wọ́n fi ń wo fọ́tò lẹ́yìn kámẹ́rà kéré fún ojú mi, nítorí náà mo ní kí nọ́ọ̀sì gbé káàdì lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Mo tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Àbúrò mi, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mo ti ń lo ara yìí, n kò rí ẹ̀yìn mi rí. Nínú gbogbo èyí tó jẹ́ ẹ̀yìn mi, ọwọ́ òsì mi wà lára ògiri. N kò mọ̀ pé mo máa ń di ògiri mú. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá búra. Níbi tí ọwọ́ náà sì ń gbà, ìlà dúdú kan wà lára ọ̀dà ògiri, ó tẹ́ gbọọrọ bí èyí tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fà. Mo dìde, mo lọ wò ó. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń dán. Ọwọ́ mi ló fà á, n kò mọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni ìlà náà ti já, ìyẹn ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ti dí ògiri. Ibẹ̀ ni mo ṣubú sí.

Mo jókòó. Mo rí i pé ohun tí ọmọ mi ń wí kì í ṣe irọ́. N kò sunkún. Mo ránṣẹ́ pe káfíńtà pé kó wá kan igi ìdìmú mọ́ ògiri fún mi.

Ó bi mí bí igi ìdìmú náà á ṣe ga tó. Mo fi ìlà hàn án. Mo ní, “Orí èyí ni kí o kàn án mọ́. Má gbé e sókè, má sọ̀ ọ́ kalẹ̀.” Ó ní, “Màmá, ẹ ti bá mi wọn iṣẹ́ yìí tipẹ́.” A sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò. Ó fá igi títí ó fi ń yọ̀, ó sì fi irin kàn án láti ìdí ẹ̀rọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ àga, ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ́ fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún. Mo ní rárá.

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ kámẹ́rà, mo di igi mú. Mo ti jókòó, mo ti fa aṣọ bo orúnkún kí iná pupa tó dúró. Ó yà mí látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ló kù sáàárín yàrá. Ìyẹn kò sí nínú àdéhùn.

Oṣù pé, ọmọ mi dé tòun ti téèpù. Mo gbé fọ́tò fún un. Ó wò ó, ó ní, “Ta ló bá yín tẹ̀ ẹ́?” Mo ní kó jókòó kí n fi hàn án. Ó jókòó sórí àga mi, ó rí igi. Ó ní, “Màámi, igi kí lèyí?” Mo ní igi tí mò ń dì mú ni. Ó ní, “Ẹ rí i báyìí? Ẹni tó ń fi igi rìn nínú yàrá ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Ẹ palẹ̀ ẹrù mọ́.”

Mo kàn lọ sídìí ẹ̀rọ, mo tẹ kámẹ́rà pé kó ṣáà rí bó ṣe ń ṣẹ́jú. Iná pupa bẹ̀rẹ̀. Ó rò pé mo fẹ́ wá jókòó, ó sì fẹ́ dìde fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, láti ìgbà èwe ló sì ti ń fi ẹ̀yìn ru irin tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó di igi mú, ó fi fa ara rẹ̀ dìde. Kámẹ́rà yà á.

A jọ wò ó. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yára wọ yàrá rẹ̀ lọ, a sì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú ibẹ̀. Ọmọ mi fọwọ́ pa igi náà. Ó ní, “Níbo ni káfíńtà yìí ń gbé?” Mo júwe rẹ̀ fún un. Ó yọ téèpù jáde. Mo rò pé ẹ̀rọ mi ló tún fẹ́ wọ̀n. Igi ló wọ̀n, ó wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀. Ó ní fún balùwẹ̀ òun ni. Kó tó lọ, ó ní kí nọ́ọ̀sì máa mú kọ́kọ́rọ́ mi kan lọ́wọ́. Mo gbà.

Mo fi fọ́tò mẹ́ta sínú lẹ́tà yìí. Èyí tí ọmọ mi wà, èyí tí mo jókòó, àti ọ̀kan tó jẹ́ ẹ̀yìn mi, kí o lè rí bí mo ṣe ń rìn báyìí. Má sunkún lé e lórí, á bàjẹ́. Ìkejìlá wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kò fẹ́ fún mi.

Nítorí náà, ra kámẹ́rà náà. O sọ pé àwọn ọmọ tìrẹ náà ti ń dárúkọ yàrá tó ṣófo. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá gbé téèpù dé. Kí ẹni tó ń kà á fún ọ tan iná báyìí, kó bá ọ wo ara ògiri.

Bá mi kí àwọn ọmọ àti ará ilé iwájú tó ń bá ọ pọnmi. Bá mi kí adìẹ, bó bá ṣì wà. Nọ́ọ̀sì ní kí n kí ọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò kó lọ síbì kankan,

Ìyá Aránṣọ
(àtàńpàkò mi ni mo tẹ̀ síbẹ̀ yẹn)