Ohun Tí Mo Nù Kúrò Lára Orogún Mi

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹrin

Chato ọkọ mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Tí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ bá ti ń parí lọ, wọn kò gbọdọ̀ so òun mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Dókítà ló kọ́kọ́ sọ fún, kì í ṣe èmi. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọsibítù, mo gbé àpò lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo ń gbọ́ ọ. Àtọ̀gbẹ ti gba ojú rẹ̀ méjèèjì láti ìgbà tí ewé ń wọ́ lọ́dún tó kọjá, ó tún ti gba kíndìnrín. Ó ní kí ni òun tún ń dúró dè. Èmi ńkọ́? N kò bi í.

Dókítà ní tó bá ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀, yóò lo bí ọ̀sẹ̀ kan láyé, bóyá kó lé díẹ̀.

Ohun tó wá béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́yìn gbogbo èyí – "Aláwọ̀ ewé mi ńkọ́?" Mọ́tò ni o. Ó fẹ́ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde, kí a ká ìbòrí aṣọ orí rẹ̀ sẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ ìlú Española fẹ́ sí òun lójú, kí a máa rọra wọ́ lọ lójú ọ̀nà Riverside pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe mọ́tò lọ́ṣọ̀ọ́, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Mo ní kò burú.

Orogún ni mo ń pe mọ́tò yẹn nínú ìwé yìí. Chato kò mọ̀. Mo bá a nílé ni, òun ni ìyáálé. Ọkọ mi ń kú lọ, orogún mi ló ń béèrè.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹrin

Mo ṣí tapólì kúrò lórí Orogún. Eruku. Eku ti sùn sórí ẹ́ńjìnnì. Mo tẹ bọ́tìnnì ìbòrí, ó gbéra dé ìdajì, ó kérora, ó dúró.

Facundo wá wò ó lẹ́yìn iṣẹ́. Òun ni olórí ẹgbẹ́ wọn, òun náà ni bàbá ìsàmì Marisela ọmọ wa. Òun nìkan ló ṣì ń pè mí ní Ìyá Marisela. Láti ọjọ́ tí mọ́tò kan ti pa ọmọ náà lójú ọ̀nà Chimayó ni àwọn yòókù ti fi orúkọ yẹn sílẹ̀, wọ́n rò pé àánú ni àwọn ń ṣe mi.

Ó ki orí bọ ẹ̀yìn ìjókòó, ó ní, "Ìyá Marisela, arábìnrin yìí ti tọ̀ sára o." Apá irin tó ń gbé ìbòrí sókè ló ń jo, ọ́ìlì ti ṣàn sínú ihò ẹ̀yìn ìjókòó níbi tí aṣọ náà ń ká sí. Ó ní òun á tún apá náà ṣe. Inú ihò ńkọ́? Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè – ọwọ́ ńlá, bí iṣu – ó ní, "Ẹ wo èyí. Tó bá wọlé, ẹ máa ní láti sin mí síbẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo rín in gbẹ̀yìn.

Manitas ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè mí, ọlọ́wọ́ kékeré. Ibi tí ọwọ́ ọkùnrin kò bá dé lára àwọn mọ́tò yìí, èmi ni. Lójú àwọn ará ibí, àwọn aláìmọ̀kan nìkan ni ara mọ́tò tó ń dán lóde wà fún. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ máa ń fi dígí kékeré sórí ọ̀pá, wọ́n á tì í bọ abẹ́, wọ́n á tì í bọ ìdí ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá rí ìdọ̀tí, wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn wúkọ́. Mo ti rí ọkùnrin tó tìtorí ikọ́ yẹn wakọ̀ rẹ̀ padà sílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹrin

Etí ilẹ̀kùn. Ìdí ilẹ̀kùn. Abẹ́ etí bùùtù. Omi, ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ṣì onírun rírọ̀. Mo la síńgílẹ́ẹ̀tì Chato tó ti gbó, mo wé e mọ́ orí igi fún àwọn kọ̀rọ̀ tí ìka kò dé.

Ewé orí ewé ni ọ̀dà yìí – fàdákà nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, lé orí ara wọn, lé orí ara wọn. Kò ṣe é lẹ̀. Bí ibì kan bá ha, àfi kí a bó gbogbo páànù ọ̀hún, kí a tún un kùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Chato nìkan ló mọ bó ṣe pò ó. Nítorí náà mo ń rọra. Mo ń rọra fún Orogún ju bí ẹnikẹ́ni ti rọra fún mi rí lọ.

Mo sọ fún un pé yóò pẹ́ láyé ju ọkọ wa lọ. Èmi náà yóò pẹ́ jù ú. Kí la máa jọ máa ṣe nínú ilé yìí, àwa méjèèjì?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Kẹrin

Mi ò ṣe nǹkan kan lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù Kẹrin

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Facundo ti tún apá irin náà ṣe lánàá. Mo gbé ìbòrí dé ìdajì, ibẹ̀ nìkan ni ihò ẹ̀yìn ti máa ń ṣí díẹ̀. Ọwọ́ wọ̀ ọ́, orí kò wọ̀ ọ́. Ọ́ìlì àti eruku ti dì mọ́ páànù tó wà lẹ́yìn níbẹ̀, ó ki bí ẹ̀kọ tó sùn. Omi ọṣẹ kò ràn án. Mo bá lọ mú tínà lórí pẹpẹ Chato, èyí tó fi máa ń nu girisi kúrò. Mo ti fi nu ara Orogún rí, díẹ̀díẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan, torí ọ̀dà aláìláwọ̀ tí a fi ń dé gbogbo iṣẹ́ lórí wà níbẹ̀.

Mo ki apá bọ̀ ọ́ dé èjìká, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìjókòó, mo kọjú sí ògiri. Ìka ni mo fi ń ríran. Mo nu, mo fa àkísà jáde. Dúdú. Mo nu. Dúdú. Inú mi dùn pé ó ń kúrò. Mo nu. Ó yọ àwọ̀ ilẹ̀ amọ̀. Ìpáàrà ni, mo sọ fún ara mi, mo bá fi agbára sí i. Àkísà tún jáde, ó pupa.

Kò sí pupa níbì kankan lára Orogún.

Mo mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí orí ọ̀pá. Mo rí sánmà aláwọ̀ búlúù. Mo rí ìdì irun dúdú kan tó sùn sí èjìká. Ọrùn aṣọ yẹ́lò. Àgbọ̀n. Lókè àgbọ̀n, irin lásán, àti ibi tí àkísà mi gbà kọjá, yíká, yíká, yíká.

Àpá kékeré wà lára àgbọ̀n náà, ibi tí ó ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn nígbà tó ń kọ́ ìrìn. Mo mọ àgbọ̀n yẹn. Èmi ni mo bí i.

Chato ya ọmọ wa síbẹ̀, kò sọ fún mi, kò sì fi ọ̀dà aláìláwọ̀ dé e. Àwòrán tí kò tíì parí. Mo fi ọwọ́ ara mi nu ojú ọmọ mi kúrò, mo sì ń dunnú bí mo ti ń nù ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Kẹrin

N kò lè ju àkísà náà nù.

Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, 14 oṣù Kẹrin

Mo sọ fún Facundo. N kò lè dá a gbé mọ́. Ó wò ó nínú dígí, ó wò ó pẹ́, ó wá jókòó sílẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Òun náà kò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Mo bi í bóyá ẹnì kan lè tún un yà. Mo ní fọ́tò ọmọ náà lọ́wọ́. Ó ní, "Ta ni? Kí ẹlòmíràn wá ya ọmọ Chato sára mọ́tò Chato?" Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Nígbà tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu géètì, ó ní kí n má sọ fún Chato. Ó ní, "Ojú rẹ̀ ti lọ, Ìyá Marisela. Ẹ̀yin ò sọ, èmi ò sọ. Ẹni tó ń lọ, ẹ jẹ́ kó gbé ẹrù tó fúyẹ́." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Kẹrin

Chato sọ fún mi lónìí, nígbà tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó fọwọ́ wá ọwọ́ mi lórí aṣọ ìbora, ó ní, "Manitas, má fọ inú ihò ẹ̀yìn o. Fi sílẹ̀ fún mi." Ó ní nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ní ìparí ìgbà ooru tó kọjá ló ṣe é. Ní òwúrọ̀, tí mo bá ti lọ dáná fún àwọn ọmọ iléèwé. Ó tú gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó gbé imú lé páànù torí ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rí i, kò rí i lódindi rí. Mo bi í pé ṣé kò sí ibòmíràn ni. Ó ní òun kò lè gbé ọmọ òun sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí gbogbo Española máa fẹnu là á lára. Ó fẹ́ kó wà lẹ́yìn wa, níbi tó ti máa ń jókòó, tí irun rẹ̀ á máa fò.

Ó ní, "Ìwọ lo máa wò ó fún mi. Lọ́jọ́ Àjíǹde. O máa sọ fún mi bó ṣe rí."

Mo la ẹnu. Nọ́ọ̀sì wọlé. Nọ́ọ̀sì jáde. Mo pa ẹnu dé. Kí n má purọ́ mọ́ nọ́ọ̀sì – ojo ni mí. Kò sí ohun mìíràn.

Ẹtì Rere, 19 oṣù Kẹrin

Chato ti délé. Ó dágbére fún ẹ̀rọ lánàá. Láti àárọ̀ ni àwọn arìnrìnàjò ìrònúpìwàdà ti ń kọjá níwájú ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mímọ́ ní Chimayó, bàtà wọn ń dún lórí òkúta. Ọdún yìí nìkan ni n kò bá wọn rìn, n kò fi òdòdó sí ìdí àgbélébùú Marisela lẹ́bàá ọ̀nà.

Mo ṣe kapirotáda, búrẹ́dì olómi ṣúgà àti wàràkàṣì tí a ń jẹ nígbà ààwẹ̀. Ó jẹ síbí kan, ó ní, "Wàràkàṣì yìí kéré. Ṣé ààwẹ̀ ni?" Mo ní, "Ààwẹ̀ ni, ẹ gbé e mì." A rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń ka ọjọ́ bí ọmọdé. Ìdùnnú rẹ̀ ló ń pa mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù Kẹrin

Ọ̀la ni màá sọ fún un. Kó tó wọ mọ́tò. Mo ti pinnu.

Àjíǹde, 21 oṣù Kẹrin

N kò sọ ọ́.

Facundo gbé Chato sẹ́yìn Orogún, ó fi ìrọ̀rí tì í. Oòrùn ti yọ dáadáa. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́, ọrùn rẹ̀ kò kún un mọ́. Facundo gbé ìbòrí dé ìdajì. Mo kúnlẹ̀ lórí ìjókòó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti dígí, ó yí ojú sọ́dọ̀ mi, ojú tí kò ríran yẹn, ó ní, "Ó yá. Sọ fún mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó kù. Mo ní sánmà mọ́ kedere. Ó mi orí. Mo ní irun rẹ̀ sùn sí èjìká òsì, dídì. Ó mi orí. Aṣọ yẹ́lò. Àpá àgbọ̀n – ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ pé màá rí àpá náà. Títí dé ibẹ̀, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró. Mo ní ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn díẹ̀. Ó rọra mi orí.

Ó ní, "Ẹyinjú rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ó là sílẹ̀. Mo ní ó ń dán, ó ń wo àwa méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó dùn lẹ́nu mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí i fúnra mi.

Kò mi orí mọ́.

Ó ní, "N kò ya ẹyinjú. Ojú tèmi ti lọ kí n tó débẹ̀."

Facundo kọjú sí géètì. Chato wá bi mí, ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀, pé kí ló ṣe é. Nígbà náà ni mo wá sọ ọ́. Ọ́ìlì. Tínà. Bí mo ti fi agbára sí i. Ó bi mí pé ọjọ́ wo. Mo sọ ọjọ́ náà.

Ó ní, "Ó ti kúrò nígbà náà, nígbà tí mò ń sọ fún ẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ká ní o sọ fún mi, à bá jọ sunkún ẹ̀. O wá jẹ́ kí n dá máa yọ̀."

Lẹ́yìn náà ló ní kí Facundo gbé òun wọlé.

A kò lọ síbì kankan. Facundo pe ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má dúró dè wá. Mo gbọ́ fèrè mọ́tò wọn láti Riverside, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìbòrí Orogún ṣì wà ní ìdajì nínú àgbàlá, n kò lè débẹ̀ láti pa á dé.

Ìdí ilẹ̀kùn yàrá ni mo jókòó sí báyìí. Chato ti pe Facundo pé kó fún òun lómi. Ó ti tún pè é pé kó yí òun sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò tíì pè mí.