Scope Ìbọn Tí Mo Fi Jẹ́rìí Ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Mo jẹ́rìí nínú ilé Ọlọ́run, ẹ̀rí náà kì í ṣe òótọ́, ó sì ti fẹ́ fọ́ ojú ìyá arúgbó kan. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo orúkọ mi, torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pọ̀ lórí page yìí, ìyàwó mi gan-an máa ń kà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi... ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bú mi tán, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọ̀rọ̀ yìí gbà mọ́.

Houston níbí ni mò ń gbé, ní Mission Bend, ó ti lé lógún ọdún. Mo máa tó pé àádọ́ta. Pharmacist ni mí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló ń tì mí lójú jù. Èmi tí mò ń sọ fáwọn èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ dá oògùn dúró láìsọ fún dókítà, èmi náà ni mo dá tèmi dúró. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, dókítà ojú kan ní Uptown yẹ̀ mí wò, ó ní glaucoma ti wọ ojú ọ̀tún mi, pé díẹ̀díẹ̀ ló máa ń jí ojú gbé, kì í dun èèyàn, kì í pariwo. Ó fún mi ní oògùn tí màá máa kán sójú lálaalẹ́. Ó wá bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ti ní irú ẹ̀ rí. Mo ní rárá... Bẹ́ẹ̀ bàbá mi, télọ̀ ni wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ojú wọn ti fọ́ pátápátá kí n tó wọ yunifásítì. Èmi ni mo máa ń bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà tí wọn ò rí i kì mọ́, èmi náà ni mo fà wọ́n lọ́wọ́ kiri nígbà tó yá. Àwọn ẹbí ní ayé ló ṣe wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ àìsàn. Nílé tiwa, èèyàn kì í fi ẹnu ara ẹ̀ gba àrùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bàbá mi ò fi jáde lẹ́nu mi níwájú dókítà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìbọn ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Wálé, a jọ lọ sílé ìwé ni nílé, Humble ló ń gbé báyìí. Òun ló mú mi lọ sí range, ibi tí wọ́n ti máa ń yìnbọn sí pépà. Ẹ má fòyà, a ò pa ẹranko, a ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ìbọn kékeré ni, pépà wà níwájú ní àádọ́ta yard péré, èèyàn á yìn ín, á rẹ́rìn-ín, á lọ sílé. Saturday kan láàárín oṣù ni. Ara mi máa ń balẹ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Nígbà tó yá, irin kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn, tí èèyàn fi ń wo ibi tó fẹ́ yìn ín sí, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lójú mi. Wálé ní kí n ra scope, awò tí wọ́n máa ń dè mọ́ orí ìbọn, téèyàn á fi ojú kan wo inú ẹ̀, ohun tó jìn á sún mọ́ ọn. Ó ní fún ibi tí kò jìn báyìí, kí n má náwó nára, kí n wá olówó pọ́ọ́kú tí awò ẹ̀ mọ́, tí kò sì fa nǹkan sún mọ́ jù, kí n lè máa rí ibi tó gbòòrò. Ọkùnrin tó ń tà á náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé méjì síwájú mi. Ọ̀kan ò fa nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn á rí gbogbo pépà àti igi tó gbé e dúró. Èkejì á fà á wá síwájú imú ẹni, ṣùgbọ́n àárín nìkan ló ń fi hàn. Èkejì yẹn ni mo mú o. Wọ́n sọ, sọ, sọ, mi ò gbọ́. Mo rí nọ́ńbà inú pépà kedere, inú mi dùn, kí ló kàn mí kan ẹ̀gbẹ́?

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Friday, pásítọ̀ fi òróró kan ojú mi. Lọ́jọ́ Saturday, mo dé range pẹ̀lú scope tuntun, mo yìnbọn lẹ́ẹ̀marùn-ún, gbogbo ẹ̀ wọ àárín gbùngbùn, ojú ihò kan ṣoṣo báyìí. Mo kígbe Halleluyah débi pé òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọ ohun tó fi dí etí ẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, mo ká pépà yẹn sínú Bíbélì mi, mo jáde síwájú ìjọ, mo gbé e sókè. Mo ní ẹni tí dókítà sọ pé ojú ẹ̀ ń fọ́ ló yìnbọn báyìí, ẹ bá mi yin Olúwa. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò purọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ijó bẹ́. Ìyàwó mi sunkún ayọ̀. Fídíò ẹ̀ ti dé orí WhatsApp kí n tó dénú mọ́tò. Nígbà tá a délé, ìyàwó mi mú oògùn yẹn lẹ́nu ilẹ̀kùn fíríìjì, níbi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata rodo, ó ń kọrin, ó jù ú sínú ìdọ̀tí. Mò ń wò ó. Èmi pharmacist ń wò ó... mo tiẹ̀ bá a gbe orin.

Oṣù bíi mẹ́jọ kọjá. Ó yẹ kí ohun téèyàn ń rí nínú scope rí roboto bí ojú agogo ara ògiri. Tèmi ò pé mọ́. Apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ṣú, bí ìgbà tí ẹnì kan fi àtàǹpàkò bò ó. Wálé ti kọ́ mi tẹ́lẹ̀ pé tí orí èèyàn ò bá gún lẹ́yìn awò, irú òjìji bẹ́ẹ̀ máa ń yọ, ni mo bá ń yí ọrùn kiri títí ọrùn fi ń dùn mí. Kò lọ. Mo dá scope padà, mo gba òmíràn. Ojú ibẹ̀ yẹn náà ló tún ti ṣú. Mo tún dá a padà, mo ra ìkẹta ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ojú ibẹ̀ náà ni! Mo gbaná jẹ mọ́ Wálé níwájú èrò, mo ní gbogbo ohun tó bá ti ní kí èèyàn rà, gbàǹjo ni. Ó jókòó sídìí ìbọn, ó wò ó, ó ní ó pé roboto. Mo ní kò rí i dáadáa ni. Ó kàn rọra ní kí n fi ojú òsì wò ó.

Mo fi ojú òsì wò ó. Ó pé pérépéré. Mo fi ọ̀tún, ó ṣú. Mo tún fi òsì, ó pé. Nílé, nínú mọ́tò, níbi iṣẹ́, ojú mi méjèèjì ti ń bá ara wọn bo àṣírí, èyí tí ọ̀kan ò bá rí, èkejì á rí i. Ìdí ìbọn nìkan ni ojú ọ̀tún ti ń dá dúró fúnra ẹ̀. Mo sọ fún Wálé pé oòrùn ló ń ṣe mí, mo kó ẹrù mi, mo wọ freeway, mo ń sunkún bí ọmọdé. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo yọ́ lọ bá dókítà. Ó ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì kan tí mo bá ti rí iná tó ń tàn yẹ́rí. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò rí nǹkan, mi ò tẹ nǹkan, mo ń gbọ́ ẹ̀rọ náà tó ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ̀ pé iná ń tàn níbi tí mi ò ti rí i. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀gbẹ́ ni àìsàn yìí sábà máa ń ti jẹ ojú bọ̀, ó máa ń fi àárín sílẹ̀ dìgbà ìkẹyìn. Ẹ ò rí i báyìí? Àárín ni mò ń yìn ín sí. Àárín ni awò tí mo yàn ń fi hàn mí. Mo wá gbé àárín lọ fi jẹ́rìí! Mo bi í bóyá èyí tó ti lọ á padà. Ó ní rárá, èyí tó kù la lè tọ́jú. Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún un lọ́jọ́ yẹn, ó pẹ́ jù. Mo ti padà sídìí oògùn mi láti ìgbà náà, ìyàwó mi ò mọ̀. Inú fíríìjì ibi iṣẹ́ ni mò ń fi pamọ́ sí, inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti ń kán an kí n tó máa lọ sílé.

Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni, mi ò ní kọ̀wé sí yín. Ìyá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí n máa pè wọ́n ní Màmá Ṣọlá. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin, Canada lọmọ wọn wà, àwọn nìkan ló ń gbé nínú apartment kan tí kò jìn sí wa. Èmi ni mò ń gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Wọ́n fẹ́ràn mi, wọ́n ń pè mí lọ́mọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn náà ti ní glaucoma, ojú méjèèjì, ọ̀dọ̀ wa níbi iṣẹ́ mi ni wọ́n ti ń gba oògùn ẹ̀. Lóṣù tó kọjá, nínú mọ́tò mi, ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí mo padà sídìí oògùn tèmi, wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ àṣírí kan fún mi. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí mo ti gbé pépà yẹn sókè níwájú ìjọ làwọn ti da oògùn àwọn nù, pé Ọlọ́run tó ṣe tèmi ń ṣe tàwọn náà lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá exit wa. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní Àmín. Àmín! Èmi tí mo kán oògùn sójú lálẹ́ àná!

Saturday tó kọjá ló wá burú jù. Màmá ní àwọn fẹ́ rí awò tí Ọlọ́run fi yà mí lẹ́nu. Mo tú scope kúrò lórí ìbọn, mo fi ìbọn sílẹ̀ nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, mo fi táwẹ́ẹ̀lì di scope, mo gbé e lọ bá wọn. Wọ́n dúró lójú fèrèsé, wọ́n fi ojú ọ̀tún wo pátákó kan ní òdìkejì títì. Wọ́n fi ojú òsì wò ó. Wọ́n wá rọra sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan ò yọ, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn? Ẹ̀yin ará, òótọ́ ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé Màmá, ẹ má dá a lóhùn, awò yẹn ni ò dáa, olówó pọ́ọ́kú ni.

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, pé ẹ̀rù ti ń ba àwọn, torí lọ́jọ́ mẹ́ta yìí èjìká àwọn ń gbá férémù ilẹ̀kùn ṣáá, àwọn rò pé ojú ni. Wọ́n bu mọ́ínmọ́ín sínú abọ́ fún mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà pé ojú mi ò ní ríbi. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín náà tán o, ẹ̀yin èèyàn. Mo jẹ ẹ́ tán.

Sunday tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n ń ṣe ìdúpẹ́ ọdọọdún, Màmá ti sọ tiwọn fún pásítọ̀, òun sì ti ní kí èmi àti Màmá jọ jáde wá jẹ́rìí. Tí mo bá sọ òótọ́ níbẹ̀, mo ti dójú ti ìyàwó mi, mo ti dójú ti pásítọ̀, àwọn kan á ní èmi ni mo sọ ìwòsàn mi nù nítorí àìnígbàgbọ́. Tí mo bá sọ fún Màmá nìkan, ṣé wọ́n á gbà mí gbọ́, àbí wọ́n á ní èṣù ló ń lò mí? Tí mo bá pe Ṣọlá ní Canada ńkọ́, ṣé mi ò ti sọ àṣírí wọn? Tí mo bá dákẹ́... mo ti fa ẹnì kan lọ́wọ́ kiri rí nítorí ojú, mo mọ bó ṣe ń rí.

Láàárọ̀ òní, mo rí orúkọ Màmá lórí kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́, oògùn wọn tí wọn ò wá gbà láti ọdún tó kọjá. Mo pe ọ́fíìsì dókítà wọn, wọ́n fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ ara mi dì í. Ó wà nínú fíríìjì báyìí, ó fara kan tèmi. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sunday, màá kan ilẹ̀kùn Màmá, wọn á sì ti múra dè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn tí wọ́n sì rí oògùn yẹn lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ sọ?